Pákó Kẹfà

Ọdún kejì rèé tí ìyàwó káfíńtà ti kú, ọdún kejì náà sì rèé tí ọkùnrin náà kò fi epo pákó kun pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú sánpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha á láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tó dé pákó kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ojú ẹsẹ̀ obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kan pèpéle náà, epo kò tíì gbẹ tí ìyàwó rẹ̀ fi gbé aṣọ tútù jáde láti sá, ó sì tẹ̀ ẹ́. Inú bí káfíńtà gidi. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo kàn bá yín fọwọ́ sí i ni. Ẹsẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù."

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń fẹ́ ha á kúrò, ọdọọdún ni ìyàwó rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ fi tèmi sílẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ sùn lọ ni?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló ń bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Bí mi ò bá ha á, epo ò ní wọlé. Bí epo ò bá wọlé, òjò á jẹ ẹ́."

"Ẹ ha á nígbà náà, kẹ́ ẹ dìde. Orúnkún yín kì í ṣe ti ọmọdé mọ́." Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹsẹ̀ ìyàwó wa nìyí."

"Wo ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kan ilẹ̀ dáadáa rí."

Káfíńtà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù, ó fa ìṣó pákó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sókè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀hún, tí oòrùn kò kàn rí, ṣì pọ́n dáadáa. Ó fi àkísà rọra pa epo sí ojú ẹsẹ̀ náà, kò ha á. Nígbà tí pákó fa epo náà mu tán, káfíńtà dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì kàn án padà síbi tó wà. Ẹ̀yìn tó wá di ojú ló ha, tó sì kùn.

"Ẹ ò ní máa rí i mọ́ nìyẹn," àbúrò rẹ̀ sọ.

"Mo mọ ibi tó wà."

Lọ́jọ́ kẹta, epo ti gbẹ. Káfíńtà bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ka pákó láti ẹ̀gbẹ́ ògiri dé ẹ̀kẹfà, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò rẹ̀ pè é wá jẹun kó tó dáhùn.