Fáìlì Mi Tó Di Apá Gáùn

N kò lè fi ìdánilójú sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà wà tàbí ọwọ́ òsì, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó lọ sí Bẹẹrẹ. Ìwé tí mò ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí sọ pé ọ̀tún ni; ojú inú mi sì ń rí i ní òsì. Ẹni tó bá ń kà mí, kó máa fura.

Ohun tó dá mi lójú ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìtẹ̀wé kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀gá tuntun gbà mí nítorí pé mo fọ́nnu fún un pé kò sí olùkọ́ tó mọ ìwé ọmọdé í kọ tí n kò mọ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń dán mi wò. Nígbà tó ku oṣù kan, ó ní kí n gba ìwé lọ́wọ́ èyí tó dára jù nínú wọn, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ìwé náà kò bá dé kí oṣù ó tó tán, kí n máa lọ sílé. Mo jókòó láti kọ lẹ́tà. Mo rántí orúkọ bàbá, mo rántí bí ó ṣe máa ń fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá dùn mọ́ ọn. Ìlú tó ń gbé ni n kò rántí. Nígbà tí mò ń fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, n kò mú nǹkan kan dání. Mo ní orí mi ni fáìlì mi.

Mo padà síbẹ̀. Ẹ̀rín ni mẹ́séńjà wọn fi dá mi lóhùn.

“Fáìlì yín kẹ̀, àǹtí? A ti dáná sun bébà inú ẹ̀. Páálí ẹ̀yìn ẹ̀, ìyá aránṣọ ìsàlẹ̀ Màpó ló rà á. Ó ní ó dáa fún gígé aṣọ.”

Mo bá àwọn páálí náà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ti gé wọn bí ọrùn, bí èjìká, bí apá gáùn. Lára apá gáùn kan ni mo ti rí orúkọ bàbá àti ìlú rẹ̀, bí mo ṣe kọ wọ́n. Nísàlẹ̀ wọn ni nọ́ńbà méjì wà: méjìdínlógójì àti méjìlélógójì.

“Ẹ ṣeun, mà! Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ nìyí, àmọ́ èwo ni?”

“Àpótí bí ti báwo? Ìwọ̀n oníbàárà mi ni. Àbí ọ̀kan ni mo kọ níbẹ̀? Kò yé mi mọ́.”

“Ẹ ò mọ ìkọ̀wé ara yín ni, mà?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, ẹ mọ tiyín?”

N kò mọ̀ ọ́n.

Bí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà ni ìyá tó ni gáùn wọlé láti Pópó Yemọja. Aránṣọ fa téèpù yọ.

“Ìyá, ẹ gbọ́wọ́ sókè.”

“Ṣebí ẹ ti wọ̀n mí.”

“Àǹtí yìí ló fẹ́ fi àyà yín kọ lẹ́tà.”

“Sí ta? Ọkọ mi ti kú!”

Àyà jẹ́ ogójì. Ìdí jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Kò sí èyí tó bá ti ara páálí mu.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” ni ìyá wí. “Kí a tó pa ẹran Iléyá lẹ wọ̀n mí.”

Mo kọ lẹ́tà méjì tó jọra, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àpótí kejìdínlógójì, ìkejì sí ìkejìlélógójì. Ìwé bàbá dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá ka ojú ewé méjì, ó ní kí n lọ jókòó sídìí iṣẹ́ mi. Ìtìjú kò jẹ́ kí n bi bàbá léèrè nọ́ńbà tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bi ìyàwó rẹ̀. Ó ní àwọn kò ní àpótí ìfìwéránṣẹ́ rí; akọ̀wé pósítọ́fíìsì ìlú wọn ló rí orúkọ ọkọ òun, tó sì gbé lẹ́tà méjèèjì wá sílé lọ́jọ́ kan náà.