Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Bàbá Onígò Ń Kí

Bàbá kan wà, Bàbá Onígò ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú ejò, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n rẹ sínú sípírítì, ọtí líle tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, ní yàrá ẹ̀yìn mùsíọ́mù. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú ẹran ló ń bá ṣọ̀rẹ́, á ní, "Òkú tèmi kì í bú èèyàn o!"

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹyinjú rẹ̀: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré aláwọ̀ ewé kan. Àbíkẹ́yìn bàbá tó jẹ́ obìnrin ló mú un wá láti etí odò, kí ikú tó mú òun náà lọ. Wọ́n ti di odò ọ̀hún pa. Irú ọ̀pọ̀lọ́ bẹ́ẹ̀ ò sì sí níbòmíràn mọ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá á tú ìdérí ìgò, á ní, "O ò jí ire bí, ọmọ mi?" Bí sípírítì inú ìgò bá fà, á bu omi ẹ̀rọ díẹ̀ kún un. Ṣebí ọmọ odò ni. Kí ni omi fẹ́ fi ṣe é?

Ọ̀gá tuntun dé, ọmọbìnrin kan báyìí. Ó mú ọ̀pá ìwọ̀n dání, èyí tó máa ń rì nínú sípírítì tó le, tó sì máa ń yọrí nínú omi. Nínú ìgò ọ̀pọ̀lọ́ bàbá, ọ̀pá náà yọ ọrùn gan-an.

"Bàbá, omi ló kù níbí o."

"Ọ̀gá, ìgò yẹn ò gbẹ rí!"

"Kò gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sípírítì máa ń yára bá afẹ́fẹ́ lọ ju omi lọ bí ìgò bá ṣí. Ta ló ń ṣí i?"

Ọ̀gá ki ẹ̀mú bọ inú ìgò. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ já, ara rẹ̀ rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ọṣẹ tó rẹ sómi.

"Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Egungun nìkan la lè gbà là."

Bàbá fìdí lé àga. "Àkẹ́jù ní í ba ọmọ jẹ́. Ikú mú ọmọ mi lọ, èmi wá ba èyí tó fi sílẹ̀ jẹ́."

Wọ́n ṣa egungun títí ọ̀sán, wọ́n kó o sínú sípírítì tuntun. Ọ̀gá fa ìwé yọ, ó fẹ́ kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ náà bàjẹ́ fúnra rẹ̀.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mò ń ṣí i, èmi ni mò ń bu omi sí i. Kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá kọ ọ́. Bàbá kọjú sí ògiri títí ó fi kọ ọ́ tán.