Bóòtù Inú Rọ́bà

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí wọ́n sọ mẹkáníìkì náà pè é. Ẹ-Máa-Lò-Ó ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí kò bá rí ojúlówó ohun èlò tó yẹ kó fi tún ọkọ̀ ṣe. Yóò fi wáyà so ó, yóò fi téèpù dúdú wé e, yóò fi àkísà nu ọwọ́, yóò ní, "Ẹ máa lò ó ná." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa lò ó lóòótọ́. Ogún ọdún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Ó dáńtọ́ nídìí iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bó bá ti fi ọgbọ́n bo nǹkan báyìí, ó ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, kò sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó káwọ́ lẹ́rán. Ọkọ àbúrò rẹ̀, awakọ̀ ilé iṣẹ́ pákó, dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní kó má wọlé. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí awakọ̀ yìí ń wà níbi iṣẹ́ ló wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ ṣì gbẹ mọ́ ọn lábẹ́.

Inú ọkọ̀ yẹn ni àbúrò mẹkáníìkì kú sí ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ń rọbí lọ́wọ́ ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀, ni ọkọ rẹ̀ bá gbé e sínú ọkọ̀, ó forí lé ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè. Òjò ti rọ̀ débi pé ojú ọ̀nà ti di ọbẹ̀. Wọ́n dé ìdajì òkè, ẹrẹ̀ gbá ọkọ̀ mú. Awakọ̀ ní òun fa gíà kékeré, èyí tó yẹ kó mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ máa fà pọ̀, iná rẹ̀ sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń yí lórí asán. Kí àwọn èèyàn tó wá tì wọ́n, aboyún ti lọ, ọmọ inú sì ti bá a lọ.

Ẹ-Máa-Lò-Ó ló kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni. Lójú gbogbo ẹbí tó péjọ láti sin òkú, ó nàka sí àna rẹ̀. "Èmi ni mò ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Kò sóhun tó ṣe é. Jìnnìjìnnì ló bò ọ́ tí o ò fi fa gíà. Ìwọ lo pa àbúrò mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá wọn gbọ́ tó fi gba ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Níkẹyìn ìyá ní kí wọ́n tú ọkọ̀ náà wò lójú òun. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló dáràn, kí awakọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sóhun tó ṣe ọkọ̀, kó gbàgbé pé òun bímọ rí.

Inú ń bí Ẹ-Máa-Lò-Ó bó ṣe ń ti jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wádìí, ó fẹ́ fi hàn ni. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, ó fi ìtì igi gbè é dáadáa, ó tanná sí ẹ́ńjìnì, ó fa gíà kékeré. Iná tàn.

"Màámi, ẹ wá wò ó. Ó tàn, àbí kò tàn?"

Ìyá ò dìde. "Ṣé iná ló ń gun òkè? Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kó o fi hàn mí."

Ó fi ọkọ̀ sí gíà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí. Ti iwájú dúró gbagidi.

Mẹkáníìkì sọ̀ kalẹ̀, ó tún sún mọ́ ọn bí ẹni pé ojú ló ń tan òun. Ó dùbúlẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀. Irin gígùn tó ń gbé agbára lọ síwájú ń yí, agbára ń dé iwájú, kò kàn wọnú ẹsẹ̀ ni. Ibì kan ló kù. Nínú irú ọkọ̀ yìí, nǹkan kékeré kan ló ń so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ irin yẹn, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń mú un ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ò bá dé ibẹ̀, kò ní so, bí iná tilẹ̀ tàn títí di ọ̀la. Gíà ni iná yẹn mọ̀, kò mọ ẹsẹ̀.

Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ìka tọ rọ́bà náà lọ láti ara ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn bátìrì, ìka rẹ̀ kan téèpù. Téèpù dúdú, tí wọ́n fi wáyà pupa so lórí. Kó tó tú u ló ti mọ̀. Ó tú u, ó fa rọ́bà yọ, bóòtù kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó dí i pa.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Iwájú ọkọ̀ ń pariwo, ó wá ohun tó yẹ kó pààrọ̀ títí, kò rí i. Ló bá dí afẹ́fẹ́ pa kí iwájú lè sinmi. Ó sọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ pákó pé ariwo ti lọ, kí wọ́n máa lò ó ná. Kò sọ ohun tó bá ariwo lọ. Ó ní òun á padà wá ṣe é, kò sì rántí mọ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ara àbúrò rẹ̀ ni eérú tirẹ̀ bà sí.

Ó pa bóòtù náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Bónẹ́ẹ̀tì ló bò ó lójú ìyá rẹ̀. Bó bá jù ú sápò, tó so rọ́bà padà, tó ní òun ò fa gíà débi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yí, ẹjọ́ á sì parí sórí ẹni tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò ní bá a bò ó: ó rò ó, ó sì rò ó pẹ́.

Awakọ̀ ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́. Mo ti rò ó títí. Bóyá ọwọ́ mi gbọ̀n ni, bóyá mi ò fà á débi tó yẹ. Mo ti gbà pé èmi ni. Ẹ ṣáà bá mi bẹ Màámi, kí n máa rí ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ká ní ó bú u ni, bóyá ì bá rọrùn. Ẹ-Máa-Lò-Ó bọ́ síwájú ìyá rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n lè rí bóòtù náà.

"Èmi ni," ó ní. "Màámi, èmi ni. Èmi ni mo dí i pa, mi ò sì sọ fẹ́nì kankan. Kò sí bí ọkọ̀ yìí ṣe lè gun òkè yẹn."

Ó so rọ́bà padà. Kò gbà tó àkókò téèyàn fi ń mu ife omi kan. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí.

Ìyá wo àwọn ẹsẹ̀ náà pẹ́. Ó dìde, ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó lọ di ọwọ́ awakọ̀ mú. "Ọmọ mi, dárí jì mí. Wá, ká lọ mú ọmọ rẹ."

Awakọ̀ ò tíì lọ. Kò jọ pé ó ń bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ṣì ń mí. Mo ń wá ohun tó bà jẹ́, ni ọwọ́ mi kan téèpù yẹn. Ó kù díẹ̀ kí n tú u. Mo kígbe sí i nínú ọkọ̀ pé mo rí ibì kan tí wọ́n so. Ó ní, 'Bó bá jẹ́ Bọ̀ọ̀dá mi ló so ó, kò lè jẹ́ ibẹ̀ ló bà jẹ́, má fọwọ́ kàn án.'"