Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Gbé Mi Lulẹ̀ Nílé Ìjọsìn

Ìka mi kan irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ikú ti dì mí lọ́wọ́ mú. Apá mi gbọ̀n títí dé èjìká, eyín mi ń lu ara wọn, sùtánà funfun tí mo wọ̀ ń jó bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn nínú ìjì. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dúró lórí táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù. Mo fẹ́ pariwo, ahọ́n mi kọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò sí nínú èdè kankan tí mo gbọ́ rí.

Àwọn tó ń gbàdúrà níwájú pẹpẹ yíjú padà.

"Halelúyà!" ni ẹnì kan ké, gbogbo ilé sì gbà á.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ní Missouri City níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà. A kì í wọ bàtà wọnú ilé ìjọsìn, bẹ́ẹ̀ ni bí ènìyàn bá ń gbọ̀n níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ ronú kan iná mànàmáná. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á dúró kí Ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí mi ká tí wọ́n ń dúró, tí èmi ń kú lọ láàárín wọn. Ṣíṣubú tí mo ṣubú ló já ọwọ́ mi gbà.

Mo wà nílẹ̀, mò ń wo òrùlé, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ti tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ kí iná tó gbé mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń kọ, ìlà lórí ìlà, bébà gígùn náà ya wálẹ̀ láti orí tábìlì, ó ń wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ pẹpẹ.

"Kí ló kọ?" Màmá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ ló béèrè.

"H ni, mà," ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn.

"Lẹ́yìn H ń kọ́?"

"H náà ni, mà. Gbogbo ẹ̀ ni H."

"Hòsánà ni," Wòlíì wa sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Tàbí Houston, sà," ọ̀dọ́mọkùnrin náà fèsì. Màmá wò ó, ọmọ náà sì lọ dúró sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì ló gbà mí. Bí o bá ju òkò ní ìjọ wa, nọ́ọ̀sì ló máa bà, nọ́ọ̀sì ló sì máa di ojú egbò náà. Èyí tó sún mọ́ mi jù já wáyà kúrò lára ògiri, ó kúnlẹ̀, ó mú ọrùn ọwọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dìde o. Ẹ fún wọn láyè, ẹ jọ̀ọ́! Iná ló gbé wọn, kì í ṣe Ẹ̀mí."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Màmá béèrè.

"Mà, tí kò bá dá ẹ̀yin lójú, ẹ jẹ́ kí n ki wáyà yẹn padà kí ẹ fọwọ́ kan irin ẹ̀."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́."

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. "Àyà wọn ń fò bí ọmọ ewúrẹ́," ó ní. "Ọsibítù ni o, kíá."

Ìdí tí wọ́n fi pè mí sídìí ẹ̀rọ náà ni pé mo mọ ìdílé rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Houston, ní ibùdó àtúnṣe wọn lẹ́bàá freeway. Ọ̀gá mi níbẹ̀, òyìnbó kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ti wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lè jẹun ọ̀sán láìsọ ìtàn náà. Ó ní nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, ọlọ́gbọ́n tí kò lẹ́nu ni. Ó lè ṣírò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ìyà ló fi ń jẹ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tó rí. Ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ díẹ̀ bá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú olótùútù kan lápá òkè, wọ́n ṣe ẹnu fún un: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹnu àkọ́kọ́ náà tóbi tó fìríìsà tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó rà á ní láti kọ́ yàrá onígíláàsì fún un, bí ìyàwó tuntun tí gbogbo ilé ọkọ ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe kékeré, tó ní abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-ín lórí, tó ń gún rìbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ bébà: gìrìrìrì! Wọ́n ṣe ojú fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, wọ́n ṣe àpótí tí yóò máa kó ìrántí sí. Àwọn tó ń ṣèwádìí òfurufú ní Clear Lake rà á, àwọn elépo ní Energy Corridor rà á. Ọ̀gá mi á na ṣíbí sókè: "Kò sẹ́ni tó lè pa ẹ̀rọ wa yìí. Òun ló máa sin gbogbo wa." Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí ọsibítù.

Àwọn ẹ̀rọ tí kò lariwo ló pa iléeṣẹ́ náà. Wọ́n ti òkè òkun dé, wọ́n pọ́ọ́kú, wọ́n ń tu yíǹkì sórí bébà bí ọmọ tó ń tu àgbo. Wọ́n ta iléeṣẹ́ náà, ẹni tó rà á tún un tà, wọ́n fi ọ̀dà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri, wọ́n sì ti ibùdó wa pa. Ọ̀gá mi sunkún. Èmi lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí ní Houston, kò sẹ́ni tó ń bú ẹni tó ń tún ìyẹn ṣe. Nítorí náà, nígbà tí Màmá sọ fún mi pé ọmọ ìjọ kan ti gba ẹ̀rọ àtijọ́ kan ní ọ́fíìsì epo tó fẹ́ dà á nù, kí a máa fi tẹ orin Ìkórè ní lẹ́tà ńláńlá fún àwọn àgbà, àti pé ó ń há bébà, mo sáré lọ bí ẹni tó gbọ́ pé mọ̀lẹ́bí òun dé láti ilé.

Mọ̀lẹ́bí náà ló wá gbé mi lulẹ̀ yìí.

Dókítà tó rí mi lọ́sibítù jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó fetí sí àyà mi títí, ó ní, "Sà, ọkàn yín ń lù, ó ń lù, ó wá ń gbàgbé ọ̀kan."

"Ṣé yóò tún rántí, dókítà?"

"Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ mi láyà tí yóò máa ṣọ́ ọkàn náà tọ̀sán-tòru. Ó ní kí n má ṣiṣẹ́ iná kankan títí òun yóò fi rí ohun tó bá kọ sílẹ̀. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ó ní. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n máa ní láti la àyà mi. Èyí tó sọ gbẹ̀yìn ni mo gbé délé.

Ẹ̀rù sọ mí dọmọdé. Aṣọ ìnuwọ́ ni mo fi ń ṣí fìríìjì. Ìgúnpá ni mo fi ń tan iná yàrá. Mo dúró síwájú ilé ara mi kan ilẹ̀kùn, nítorí pé n kò lè tẹ agogo ẹnu ọ̀nà.

"Daddy, it's just a doorbell!" ọmọ mi obìnrin ké láti inú ilé.

"Bí wọ́n ṣe ń sọ nìyẹn kó tó gbé ènìyàn," mo dáhùn.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá ti sùn, ó máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, ó ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù.

Ìkórè ń sún mọ́lé, ẹ̀rọ náà sì wà nílé ìjọsìn níbi tí wọ́n fi í sí. Wọ́n da aṣọ funfun bò ó. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, òjò ń ya lulẹ̀. Ó wo ohun tí nǹkan pẹlẹbẹ náà kọ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì ṣí i kúrò láyà mi pẹ̀lú irun.

"Ọkàn yín ti rántí, sà. Kò sí nǹkan kan. Ẹ máa lọ."

Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ojú ń tì mí. Nínú ọkọ̀, mo sọ fún ìyàwó mi pé kó yà sí ilé ìjọsìn.

"Kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ yẹn ṣì lè pa ẹlòmíràn. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, n kò lè sùn."

A bá Wòlíì, Màmá àti nọ́ọ̀sì wa níbẹ̀. Mo bẹ Wòlíì pé kó fún mi láyè láti wọ bàtà onírọ́bà ìdí iṣẹ́ mi, nítorí òjò kò jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ náà síta.

"Mósè pàápàá bọ́ tirẹ̀," ó ní.

"Mósè kò tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, sà," ìyàwó mi dáhùn.

Ó jáde sínú òjò, ó sì gbé màátì rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ wọlé. Ó nù ún gbẹ, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀rọ náà. Wòlíì wò ó títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màátì kì í ṣe bàtà," ó ní.

Mo dúró sórí rẹ̀. Kí n tó kan ohunkóhun, mo wo orí wáyà náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó ní. Méjì ló kù. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀.

"Ta ló gé ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni," Màmá dáhùn láìṣẹ́jú. "Kò wọ inú extension wa. Mo bá fi ẹ̀mú gé e."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún àgbà? "Ẹ ṣé, mà," mo ní. Ìyàwó mi yíjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Nínú ẹ̀rọ náà, wáyà kan ti ń ha ara mọ́ irin láti ọjọ́ pípẹ́ títí ara rẹ̀ fi bó. Bọ́tìnnì oníke ni àwọn tó ń lò ó máa ń tẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin. Mo wé wáyà náà, mo fi orí tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo kì í bọ ògiri. Míta mi ní kò sí iná lára irin. N kò gba míta náà gbọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Mo gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí màátì, mo gbé èkejì, mo dúró ṣinṣin lórí táìlì, mo sì di ẹ̀rọ náà mú bí ẹni di ọ̀rẹ́ mú.

Mo tẹ bọ́tìnnì ìdánwò. Gìrìrìrì!

"Kí ló kọ?" Màmá béèrè láti ọ̀nà jíjìn.

"H ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò tíì yí padà!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, àyà mi ń fò sókè-sódò. Nọ́ọ̀sì wa sáré wá mú ọrùn ọwọ́ mi.

"Ẹ̀rín ni," mo ní. "Ẹ̀rín nìkan ni."