Bí A Ṣe Lọ Dágbére fún Iginótò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Màmá Ìlá fi kan ilẹ̀kùn mi ní Bódìjà. Aládùúgbò mi ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ará Ítálì ti dé láti kó egungun àwọn èèyàn wọn lọ sílé, àwọn òǹdè tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá síbí nígbà ogun Bọ́mà, tí wọ́n sì kú síbí. Láti ìgbà tí Màmá ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń roko ìdí sàréè wọn.

"Sìn mí lọ. Mo fẹ́ dágbére."

Èmi tí mo ti dé Kánò àti Kútọnu, mi ò dé itẹ́ òkú Ẹlẹ́yẹlé rí! Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni takisí gbà. Ọ̀nà dán títí a fi kọjá Mọ́kọ́lá. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò ló ń júwe ọ̀nà.

"Màmá, ṣé èèyàn yín ló wà níbẹ̀ ni?" awakọ̀ béèrè.

"Ọ̀tá wa ni wọ́n. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn tó pa bàbá mi ní Bọ́mà."

Awakọ̀ pa rédíò.

Nílé tiwa, ẹ̀yìnkùlé la ń sin bàbá sí, àwọn ọmọ-ọmọ á sì máa sá àgbàdo lórí ẹ̀. Níbí, wọ́n to òkúta sórí ìlà bí ẹni ń dúró gba owó oṣù. Ará Ítálì kan, olórí ewú tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, wá kí wa. Màmá mú un lọ sídìí òkúta kan tó wà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Iginótò rèé. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Ẹ rọra gbé e o."

Ọkùnrin náà wo òkúta, ó wò mí. "Kì í ṣe orúkọ," ó ní. "Lédè wa, 'a ò mọ̀ ọ́n' ni. Àwọn tí ẹbí wọn ń béèrè wọn la wá kó. Èyí á dúró."

"A dúpẹ́!" Ó ti jáde lẹ́nu Màmá kí wọ́n tó fọwọ́ bò ó. Wọ́n rọra jókòó sórí koríko. "Bóyá ohun tí wọ́n kọ sórí bàbá mi náà nìyẹn. Oyún mi ṣì wà níkùn ìyá mi nígbà tí wọ́n lọ sógun."

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko, ó sì fa òdòdó tí Màmá gbìn mọ́ ọn. Màmá ò sọ fún un.

Bí a ṣe ń padà, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n á máa pe òkú náà báyìí.

"Iginótò náà ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè é, ṣé ó kọ̀?"

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Bódìjà. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ọ̀tá máa ń rí ẹni rántí rẹ̀ ju aládùúgbò lọ. Kí Màmá tó wọlé, mo bi wọ́n lórúkọ bàbá wọn.

"Òjó," wọ́n ní. "Òjó Àkànní. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí."