Omi Ọyàn Ummu-Kulthum

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ummu-Kulthum jẹ́, kó dé ìdí máṣíìnì rẹ̀ ní Ọjà Tuntun nígbà tí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Híjáàbù ló ń rán. Ẹnu rẹ̀ ò dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró lórí máṣíìnì, bó bá sì rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń ta bàtà lódìkejì ọ̀nà á máa bi ara wọn pé kí ló tún dé. Bí oníbàárà bá ní òun á padà wá gba aṣọ lọ́la, Ummu á ní, "Ọ̀la kẹ̀? Ẹ jókòó, ẹ mú un lọ." Obìnrin tí kò lè dúró de nǹkan ni. Bó bá gbé ìrẹsì kaná, á ṣí i wò, á tún ṣí i wò, títí ooru á fi tán nínú ìkòkò tí ìrẹsì á sì le koko.

Òun náà ni Ọlọ́run wá fi ọ̀rọ̀ ọyàn dán wò.

Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé, ọmọ dábùú nínú, àwọn dókítà sì ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju iṣẹ́ abẹ lọ. Wọ́n ṣe é, ó yọrí sí ayọ̀, wọ́n gbé ọmọbìnrin pupa kan jáde tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Abdulwaris, ọkọ Ummu tó ń tún fóònù ṣe, sọ ọ́ ní Hadiyyah, nítorí ẹ̀bùn ni. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó pe gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, títí kan ẹnì kan tí kò rántí ẹni tó ń jẹ́ Abdulwaris mọ́. Onítọ̀hún náà bá a yọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmú kò wá. Ó ń kán tótó, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní kó má dààmú, pé ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pé kó sáà máa gbé ọmọ sí i. Wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọ́n darí sí agbo ilé Alàájà Asabe, ìyá Abdulwaris.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa Alàájà Asabe, nítorí àwọn kan á ti máa rò pé ìyá ọkọ ni, wàhálà ti dé. Rárá o. Obìnrin yìí fẹ́ràn Ummu bí ẹni pé òun ló bí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ara fún un láràárọ̀, tó ń yẹra fún ojú ọgbẹ́. Òun ló ń se kùnú tó ti fi ata ilẹ̀ sí, tó ń dúró tì í kó mu ún tán. Lọ́sàn-án, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àsàlátù bá dé láti kí ọmọ, á gba Hadiyyah lọ́wọ́ Ummu, á ní, "Lọ sùn jàre, ẹni tí wọ́n là níkùn kì í ṣe ẹni tó ń ṣe àlejò." Ummu á lọ sùn. Bó bá fi máa jí, wọ́n ti gbé ọmọ fún un padà, ọmọ ti sùn fọnfọn. Bó bá gbé ọmú sí i lẹ́nu, Hadiyyah á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa hanrun.

"Màmá, kò mu ún."

"Ó ti yó ni. Ìwọ kò rí nápìkìn rẹ̀? Ó tutù rinrin! Ọmọ tó ń tọ̀ báyìí, ó ń mu dáadáa."

Ummu á yẹ nápìkìn wò, á rí i pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ni ojú ìyá. Itan ọmọ náà ń tín-ín-rín sí i, awọ rẹ̀ ń hunjọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmú Ummu dẹ̀ wọ̀jọ̀, bí ẹni pé kò sí ẹni tó bímọ. Ó jẹ ẹja, ó mu kùnú, ó jẹ ewé tí wọ́n ní kó jẹ. Ikùn nìkan ló ń yọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Hadiyyah, àbí wọ́n ti gé iṣan ọmú mi nígbà tí wọ́n là mí?"

Abdulwaris wò ó, ó ní, "Ikùn ni wọ́n là. Ọ̀nà jìn láti ikùn dé ọmú."

Ummu fi ìrọ̀rí lù ú, ó rẹ́rìn-ín títí ojú ọgbẹ́ fi ń ta á, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín di ẹkún. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé mílíìkì agolo wà. Ohun tó ń dùn ún ni pé nígbà tí ọmọ ń bọ̀ wá sáyé, òun kò ṣe nǹkan kan ju pé kó dùbúlẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde. Ọmú yìí ló fẹ́ kí ara òun ṣe fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ gidigidi.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní àdúgbò Fate, níbi tí Nọ́ọ̀sì Adékẹ́mi wà. Adékẹ́mi gbé Hadiyyah sórí ìwọ̀n, ó tún gbé e síbẹ̀. Ọmọ náà kò tíì wúwo tó bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

"Ìyá Hadiyyah, kí ló tún ń mu yàtọ̀ sí ọmú?"

"Kò mu nǹkan kan, mà. Wàlláhì, ọmú nìkan ni."

Ohun tó mọ̀ ló sọ. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọmọ sábẹ́ apá, kí ẹsẹ̀ ọmọ kọjú sẹ́yìn, kó má baà máa ta ojú ọgbẹ́ nípàá. Ó ní, "Ọmú kì í ṣe táńkì tí wọ́n ń pọn omi sí sílẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni yóò ṣe máa wá. Ẹ máa gbé e sí i ní gbogbo ìgbà, kó má kúrò lára yín. Ẹ padà wá lọ́tùnla. Bí kò bá tíì wúwo sí i, a ó fi mílíìkì agolo kún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ o. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ pebi."

Lọ́tùnla! Ummu tí kò lè dúró de ìrẹsì.

Bí wọ́n ṣe délé, ó bọ́ aṣọ Hadiyyah, ó gbé e lé àyà, ó fi ìborùn bò ó, ó ní kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ òun. Lọ́sàn-án, ẹgbẹ́ àsàlátù dé, Alàájà Mùnírátù tó jẹ́ olórí wọn ló ṣáájú. Alàájà Asabe na ọwọ́.

"Gbé e wá, kí o lọ sùn."

"Mo fẹ́ bá yín jókòó lónìí, Màmá."

Inú wọn dùn, wọ́n fún un láyè lórí àga. Wọ́n kí i, wọ́n ṣàdúà. Lẹ́yìn náà ni Alàájà Mùnírátù ṣí báàgì, ó mú ìgò kékeré kan àti ṣíbí jáde, ó ní "Bísímíláì," kí Ummu tó pajú dé, ó ti da omi sí ọmọ lẹ́nu. Ẹni tó tẹ̀lé e mú ìgò tirẹ̀ jáde. Ẹni kẹta ti ń yọ ìdérí.

Ẹnu Ummu là sílẹ̀. "Màmá, kí lẹ ń fún un?"

"Omi sámúsámù ni," ni Alàájà Asabe dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Gbogbo àwọn ìyá rẹ wọ̀nyí, kò sí ẹni tí kò gbé omi mímọ́ bọ̀ láti Mẹ́kà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún un! Ti Alàájà Mùnírátù, ti ẹ̀mí gígùn ni. Ti ìyẹn, kó lè há kéwú sórí. Ti ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, ti ọkọ rere ni."

"Bó bá ti mu tiwa tán," ni Alàájà Mùnírátù fi kún un, "oorun tó máa ń sùn! Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí."

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Omi ló ń yó ọmọ! Omi ló ń tọ̀! Ọmú kò rí ẹni fà á, kí ló fẹ́ máa wá fún? Inú kọ́kọ́ bí Ummu, ó gbóná dé orí. Ṣùgbọ́n bó ṣe wo àwọn ìyá náà, tí oníkálukú mú ìgò dání tó ń dúró de kí ó kàn án, ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ikùn mú, kò lè dúró. Ara rẹ̀ ti yá: iṣan ọmú òun kò gé! Kò sí ohun tó ṣe ọmú òun!

Nígbà tó sọ ohun tí Nọ́ọ̀sì Adékẹ́mi wí fún wọn, tó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fún ọmọ lómi mọ́, ojú Alàájà Mùnírátù yí padà.

"Ṣé omi Mẹ́kà lo ń kọ̀ fún ọmọ rẹ?"

Ummu mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́ pé ìyàwó Asabe ní òun kò gba àdúà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ọgbẹ́ kò jẹ́, ó tẹrí ba síbi tó jókòó sí.

"Mi ò kọ̀ ọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ fún èmi. Ikùn Hadiyyah kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, bí omi bá kún un, ọmú ò ní ibi tó máa wọ̀. Tèmi tóbi. Ẹ da gbogbo àdúà yín sí mi lẹ́nu, màá fi ọmú gbé e fún un."

Alàájà Asabe wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ. Ó fi ìka fa awọ itan Hadiyyah tó hunjọ, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Súbúhánà! Ẹ̀yin èèyàn mi, a rò pé oore là ń ṣe." Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Alàájà Mùnírátù, ó wọlé, ó gbé ife ńlá jáde. "Ó yá, ẹ dà á síbí."

Alàájà Mùnírátù ló kọ́kọ́ dà á, tòun ti ojú líle. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Nígbà tó kan ti ọkọ rere, Ummu ní, "Mo ti ní ọkọ o, Màmá, àmọ́ ẹ dà á sí i, bóyá á tún dáa sí i." Alàájà Mùnírátù fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Láti ọ̀sán yẹn, ogun bẹ̀rẹ̀. Ebi pa Hadiyyah, ó ké, ó kọjú sí ọmú, ó fà á bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Ó dun Ummu, ó ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó bá fa ọ̀tún, ó tún fa òsì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọmú ti ń le, ó ti ń gbóná, ó ti ń wúwo. Ummu ń pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wò ó. Abdulwaris ní òun ti wò ó, ó ní kó sáà fi aṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ àdéhùn, Alàájà Asabe ní òun náà á lọ sí Fate. Nọ́ọ̀sì Adékẹ́mi gbé Hadiyyah sórí ìwọ̀n, ó tẹjú mọ́ ọn. Ummu di apá ìyá ọkọ rẹ̀ mú.

"Ó ti gòkè," ni Adékẹ́mi wí. "Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gòkè. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Ariwo tí Ummu pa mú kí ọmọ ta gìrì, ó bú sẹ́kún. Bí ẹkún yẹn ṣe ta sí ìyá rẹ̀ létí, omi ọyàn tú, ó rin bùbá, ó rin híjáàbù. Ummu jókòó kíá, ó gbé ọmọ sábẹ́ apá, ó gbé ọmú sí i lẹ́nu. Hadiyyah gbé e mì gbìì-gbìì, ó pọ̀ jù fún un, ó já ọmú sílẹ̀ kó lè mí. Omi ọyàn tú sókè fìì, ó bá Alàájà Asabe tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wò wọ́n, ó balẹ̀ sórí dígí ojú rẹ̀.

Adékẹ́mi yára fa tíṣù yọ, ó nà án sí i. Alàájà Asabe ti ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ má nù ún," ló ní, omi ọyàn ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e délé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí i lójú mi."