Eruku Yàrá Àwàwù

Eṣinṣin ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ mọ́dàn tí à ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ìbàdàn sì gbà mí sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Wọ́n fún mi ní aṣọ funfun lóòótọ́, inú mi sì dùn sí i, àmọ́ ohun tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ni àpótí onínẹ́ẹ̀tì tí eṣinṣin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Èmi ni n óo máa fún wọn ní mílíìkì àti ṣúgà, tí n óo máa po èérí ọkà kí wọ́n rí ibi yé ẹyin sí. Nígbà tí mo délé ní Lálúpọn tí mo ròyìn iṣẹ́ mi, ìyá mi káwọ́ lérí.

“Sìkírátù, eṣinṣin tí à ń lé kúrò lórí ọbẹ̀, òun ni wọ́n ní kí o máa fún ní mílíìkì?”

“Iṣẹ́ ìwádìí ni, Ìyá.”

“Ìwádìí kí ni? Kí ni eṣinṣin mọ̀?”

Ohun tí eṣinṣin mọ̀ kò kéré. Nígbà náà, àwọn olóko kòkó agbègbè wa, láti Lágelú títí dé Ọ̀nà-Àrà, ti ń fín oògùn sí kòkó wọn nítorí kòkòrò kan tó ń fa omi ara igi mu títí igi á fi gbẹ. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kòkó sì ń so. Ṣùgbọ́n níbo ni oògùn náà ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá ti pa kòkòrò tán? Ohun tí ọ̀gá wa, olórí ìwádìí náà, fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í bá òjò lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀rá àti epo ló máa ń lẹ̀ mọ́, ó sì lè wà lójú kan fún oṣù gbọọrọ láìbàjẹ́. Nítorí náà, a máa ń bu omi odò àti omi kànga, a máa ń wa erùpẹ̀ oko, a máa ń gbá eruku inú ilé, a sì máa ń bu gàrí àti epo pupa. Tí a bá dé yàrá àyẹ̀wò, a ó da omi kan tó ń rùn bí epo mọ́tò sí i, a ó mì ín, omi yẹn á sì fa oògùn inú rẹ̀ jáde. A ó yí omi náà ká inú ìgò títí á fi gbẹ, a ó wá da eṣinṣin sí i. Bí oògùn bá wà níbẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á máa ta ẹsẹ̀ sókè.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín títí a ó fi ṣíwọ́. Wọ́n kọ́ mi pé ìgò kan gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ tí a kò ní bu nǹkan abúlé kankan sí. Ìgò ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Bí eṣinṣin inú rẹ̀ bá kú, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà di òfo. Lóṣù àkọ́kọ́ mi, eṣinṣin inú ìgò ẹlẹ́rìí kú tán pátápátá. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

“Kí lo fọwọ́ kàn kí o tó wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí?”

Mo rántí pé mo ti fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá tí mo háyà ní Àjíbọ́dè.

“Ìwọ gan-an ni májèlé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi àti gbogbo ìgò tó wà nínú yàrá náà.

Ìdí mìíràn wà tí wọ́n fi gbà mí. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa kò lè ṣàdédé wọ yàrá obìnrin nílé àwọn Mùsùlùmí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, tí mo sì jẹ́ obìnrin, ni wọ́n ń rán wọlé. Báyìí ni mo ṣe dé abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Baálẹ̀ abúlé náà ló ránṣẹ́ pè wá. Adìyẹ ń kú nílé olóko kòkó kan tó ń jẹ́ Lásísì, gìrì sì ti gbé Muríná, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó méjì ni Lásísì ní. Ìyálé ni ìyá ọmọ náà. Ìyàwó kékeré, Àwàwù, ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún àkọ́kọ́ ni, òun àti èmi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó fẹ́ràn Muríná débi pé yàrá rẹ̀ lọmọ náà ń sùn. Aṣọ funfun mi ni wọ́n rí tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì.

Mo bu omi kànga. Mo bu gàrí nínú yàrá ìyálé, mo sì bu nínú yàrá Àwàwù. Mi ò gbá eruku lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin tí mo fẹ́ wọ̀ padà ń bọ̀, mo ń kánjú.

Èsì dé. Eṣinṣin inú ìgò omi kànga ń fò, ti gàrí ìyálé náà ń fò. Ti gàrí Àwàwù kú tán. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì kìlọ̀ fún mi pé ọ̀gá wa nìkan ló ń sọ èsì fún onílé. Mo gbọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rán mi padà lọ bu omi odò, ìyálé pàdé mi lójúde, àwọn obìnrin agboolé sì pé lé wa lórí.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ti rí i?”

“Kànga yín mọ́,” ni mo wí. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. “Gàrí yàrá tiyín náà mọ́. Ti yàrá Àwàwù ló ní májèlé.”

Gbogbo wọn yíjú sí yàrá Àwàwù. Lẹ́yìn náà ni ìyálé fi ìbòrí rẹ̀ bojú, ó sì bú sẹ́kún. “Mo sọ! Ṣé mo sọ tàbí n kò sọ? Ó ń gbọ́mọ mi sùn, ó ń fún un ní májèlé jẹ!” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní mi ò sọ pé ẹnì kan ló fi síbẹ̀. Ta ní ń gbọ́? Àwàwù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fọwọ́ gbá ikùn mú. Èmi ni ó ń wò, kò wo ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo tún padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àwàwù kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n sì ti dá a padà sílé bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Ṣáṣá. Baálẹ̀ tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. “Bí kì í bá ṣe ìwé tí ẹ kà ni, ọmọ náà ì bá ti kú.” N kò lè jókòó. N kò lè jẹun. Mo gbé kẹ̀kẹ́ tí mo yá gùn wá láti Lálúpọn tì sẹ́bàá odò láìbu omi kankan, mo kàn ń rìn síwá sẹ́yìn létí rẹ̀. Nígbà tí mo dé yàrá àyẹ̀wò, mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì. Mo rò pé wọ́n á jágbe mọ́ mi. Wọ́n fi ìgò ọwọ́ wọn sílẹ̀.

“O mọ̀ pé oògùn wà nínú gàrí. Ta ló sọ fún ọ bó ṣe débẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà.”

“Lọ béèrè. Má ṣe bi ènìyàn. Bi yàrá.”

Mo gbàyè lọ́wọ́ Baálẹ̀, mo sì wọ yàrá Àwàwù pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ìgò. Bí ojú mi ṣe mọ́ òkùnkùn inú rẹ̀, mo wò yíká. Ẹ̀rọ tí Lásísì fi ń fín kòkó wà ní ìkángun yàrá. Agolo oògùn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ti ń jò, ó sì ti sọ ilẹ̀ di dúdú títí dé ibi tí ẹní tí Muríná ń sùn lé ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ oko Lásísì tí oògùn ti gan mọ́ lára wà lórí okùn. Abẹ́ okùn náà gan-an ni agbada gàrí ṣì wà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Adìyẹ wọ inú yàrá lójú mi báyìí, ó ń ṣa gàrí tó dà sílẹ̀ jẹ. Mo ti wọ yàrá yìí lẹ́ẹ̀kan rí. Gàrí nìkan ni mo wò.

Mo gbá eruku ilẹ̀, ti ògiri, ti orí ẹní. Mo lọ sí oko Lásísì, mo wa erùpẹ̀ lábẹ́ igi kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. A ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Eṣinṣin ti erùpẹ̀ oko, díẹ̀ kú nínú wọn, èyí tó kù ń fò. Ti eruku yàrá Àwàwù, n kò tíì fọ ife tí mo fi ṣe é tán tí gbogbo wọn fi subú. Inú ilé burú ju oko lọ. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ wá wò ó, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Bákan náà ló rí.

Mo wá Àwàwù lọ. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní láti ọjọ́ tó ti ń sùn nínú yàrá yẹn ni orí ti ń fọ́ òun, tí ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Òun rò pé oyún ni. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Lójú gbogbo wọn lo ti sọ ọ́. Ṣé etí èmi nìkan lo fẹ́ sọ èyí sí?”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo dúró níwájú Baálẹ̀, níwájú ọkùnrin àti obìnrin agboolé náà. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì tẹ̀ lé mi, wọ́n bá mi ru àpótí eṣinṣin. Mo sọ pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo da eṣinṣin sínú ìgò eruku yàrá, mo da sínú ìgò erùpẹ̀ oko, mo da sínú ìgò ẹlẹ́rìí, mo sì ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìgò eruku yàrá nìkan fi dákẹ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lásísì wò ó títí. “Nítorí olè ni mo ṣe gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀,” ni ó wí. “Yàrá tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù lọ nìyẹn.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìyálé kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ọmọ mi ń ta gìrì lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù ló bà mí.” N kò lè dá a lẹ́bi. Èmi ni mo fún ẹ̀rù rẹ̀ lórúkọ tí ó dì mú.

Wọ́n gbẹ́ ihò fún àwọn agolo náà níbi tó jìnnà sí kànga àti odò, Lásísì sì kọ́ ahéré sóko fún ẹ̀rọ àti aṣọ rẹ̀. Wọ́n rẹ́ ilẹ̀ yàrá mìíràn fún Àwàwù. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ wà lórí, kò sì wọlé.

“Gbá a,” ni ó wí fún mi. “Lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó wọ̀ ọ́.”

Mo gbá a níṣojú rẹ̀. Ilé Baálẹ̀ ló sùn sí títí mo fi padà lọ́jọ́ kẹta, tí mo gbé ìgò fún un, tí eṣinṣin inú rẹ̀ ń fò gbá ara wọn. Ó gbé e sétí, ó gbọ́ ọ. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó wọlé.

Ó bí obìnrin. Gìrì Muríná kò tún padà mọ́. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin pé kí wọ́n má ṣe sọ èsì ilé kan kí wọ́n tó wo gbogbo ilé náà. Síbẹ̀, ara mi kò tíì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí Àwàwù bí ti wà nínú ikùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó fi sùn nínú eruku yẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa nígbà náà bóyá nǹkan kan kù nínú ìyá àti ọmọ. Ó mirí. Ohun tí kò bá ti tó láti pa eṣinṣin, a ò ní irinṣẹ́ tí a lè fi rí i.